Ọ̀nà Kọ́lọkọ̀lọ, Igi Wọ́rọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Júwe Ohun Tí Kò Tọ́

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò rí i pé odò kì í lọ tààrà níbẹ̀. Odò Olúwa tó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá lọ síhà òkun á yà sọ́tùn-ún, á ṣẹ́rí sósì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó ti ń bọ̀, kó tó tún dorí kọ gúúsù. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkìtìpupa fi gbólóhùn Yorùbá kan sọ bí odò yẹn ṣe rí. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé "odò náà rí bí ejò." Gbólóhùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ń tọ́ka sí ìrísí yẹn gan-an, láìjẹ́ pé a pe ejò sí i: odò náà ṣe kọ́lọkọ̀lọ.

Ó ń dùn mí bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nínú ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, lẹ́nu ọlọ́kadà, lẹ́nu akọpẹ. Ṣùgbọ́n bí bírò bá ti dọ́wọ́, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ilé kò yẹ ìwé, wọ́n á wá máa túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà lórí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ejò sọ irú ìrísí yìí, nítorí orúkọ ejò nínú èdè Látìn ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò fún odò tó ń yí kiri, ara orúkọ odò kan ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti mú un. Ọ̀nà tiwọn nìyẹn, ó sì gbè wọ́n. Yorùbá gba ibòmíràn: ìró ẹnu ló fi ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró ya àwòrán

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ohun tí ọ̀rọ̀ orúkọ dárúkọ ṣe rí. Nínú Yorùbá, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń dúró sí. Orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ fi í hàn: òkìtì ló ṣáájú, pupa ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe, ó ń sọ bí ìṣe náà ṣe wáyé. Kọ́lọkọ̀lọ lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí a bá ní "ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ", ọ̀nà ló ń júwe. Bí a bá ní "odò náà ń ṣàn kọ́lọkọ̀lọ", ìṣàn odò ló ń júwe.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ya àwọn tó kọ̀wé nípa Yorùbá lẹ́nu tipẹ́. Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ tún jáde ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí i, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé Yorùbá kì í kàn bá ọ̀rọ̀ tó bá rí rìn; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tí wọ́n bá mu. A ń sọ pé igi ga fíofío, a kì í sọ pé omi jìn fíofío. Lọ́dún 1935, Clement Doke tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè àwọn ará Gúúsù Áfíríkà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè é di òní: ideophone. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Ìró rẹ̀ ń ṣe bí ohun tó ń júwe.

Ẹ sọ kọ́lọkọ̀lọ jáde kí ẹ gbọ́ ọ. Ohùn á gòkè, á bọ́ sí àárín, á já sí ìsàlẹ̀, á tún padà sí àárín. Ẹni tó bá mọ dò-re-mí á gbọ́ mí-re-dò-re. Ohùn náà kò dúró sójú kan, bí ọ̀nà tí à ń sọ kò ṣe dúró sójú kan. Ìlànà ohùn yìí sì ní ẹbí tó pọ̀: gbágungbàgun fún ilẹ̀ tí kò dán, pálapàla fún ibi tí òkúta àti kòtò kún, wúruwùru fún ẹrù tí a kò tò, jágajàga fún ohun tó rú pọ̀, rádaràda fún ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Gbogbo wọn ló ń gun òkè tó ń bọ́ sísàlẹ̀ bákan náà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó wà fún ohun tó wà létòlétò. Ẹ wá fi wọ́n wé gbọnrangandan tí à ń lò fún ohun tó dúró ṣánṣán, tàbí rogodo tí a lè fi júwe ìṣù púpurú tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, kí wọ́n tó gbé e sórí iná láti yá èéfín. Ohùn àárín ni méjèèjì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò mì.

Nítorí náà, àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá kọ "ọ̀nà kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀", ẹran tó ń jí adìẹ gbé lẹ ti mẹ́nu bà. Ọ̀nà tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbà wọ ọgbà adìẹ lè tọ́ tààrà. Lórí fóònù tí a ti ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, òǹkàwé ni yóò máa yan èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì.

Ejò kò ní ìrísí kan ṣoṣo

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé "bí ejò" tó fún gbogbo ohun tí kò tọ́. Kò tó. Ejò wo ni, níbo ló wà, kí ló sì ń ṣe? Bí ejò bá ń sáré gba ojú ọ̀nà kọjá, ara rẹ̀ á máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Bí ó bá sùn sábẹ́ ewé, á ká. Bí ó bá ń gun igi, á lọ́ mọ́ ẹ̀ka. Bí wọ́n bá sì pa á tí wọ́n fi igi gbé e, gbọọrọ ni yóò so rọ̀. Ìrísí mẹ́rin nìyẹn lára ẹran kan, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ "bí ejò" tó dúró síbẹ̀ kò tíì sọ èyí tó rí.

Ẹ wo igbà, okùn tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n á lọ́ fọ́nrán rẹ̀ mọ́ ara wọn kí ó lè yi. Lílọ́ ni pé kí nǹkan yí lórí ara rẹ̀, tàbí kí ó yí mọ́ nǹkan mìíràn bí ìtàkùn iṣu ṣe ń yí mọ́ ọ̀pá tí a ki sí i. Nígbà tí akọpẹ bá ń gòkè, igbà náà á yí ọ̀pẹ àti ara rẹ̀ po. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, á ká a, á fi kọ́ èjìká. Kíká ni pé kí òbìrípo jókòó lé òbìrípo, kí nǹkan gígùn wá gba àyè kékeré. Bí ó bá wá jù ú sílẹ̀ láìká a, tí okùn náà na ara sórí koríko, tó yà síhìn-ín tó yà sọ́hùn-ún, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ó rí kọ́lọkọ̀lọ. Okùn kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ló ń yí padà.

Ìdí mìíràn tún wà tí mi ò fi fẹ́ kí a máa pe ejò sí gbogbo nǹkan. Nínú Yorùbá, ejò kì í wá lóun nìkan, ẹ̀rù ń bá a rìn. Bí a bá ní "ejò lọ́wọ́ nínú", à ń sọ pé ohun kan fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà tí kò mọ́. Ẹni tó bá fi ejò júwe ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ ti fi ìfura sí ọ̀nà náà láìmọ̀. Bí ìfura lẹ fẹ́ kí òǹkàwé ní, ẹ lò ó. Bí ìrísí nìkan lẹ fẹ́ kó rí, ẹ fi ejò sílẹ̀ nínú igbó.

Wọ́, wọ́rọ́kọ́, wọ́gọwọ̀gọ

Àwọn mẹ́ta yìí ni a máa ń kó pọ̀ jù. Wọ́ ni ó rọrùn jù nínú wọn. Ohun tó bá wọ́ kò tọ́. Ó tẹ̀ níbì kan, kò sì pọn dandan kí ó tún tẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀pá lè wọ́, ẹsẹ̀ tábìlì lè wọ́, ìlà tí a fi rúlà fà lè wọ́ bí ọwọ́ bá yẹ̀. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń lò, wíwọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ lò fún ejò Léfíátánì nínú ìwé wòlíì Aísáyà orí 27, òun náà ni wọ́n sì tún lò ní orí 40 fún ibi tí a ó mú tọ́. Ìwé yẹn wà lára ohun tó mú kí wíwọ́ rinlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníwàásù, tí à ń sọ̀rọ̀ ọkàn wíwọ́ àti ọ̀nà wíwọ́ títí di òní.

Wọ́rọ́kọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó gan, tó yi, tí kò ṣeé nà mọ́ ló ń júwe: igi, irin, ìka tó kákò. Gbogbo ẹni tó ti fi igi dáná rí ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi sọ pé igi wọ́rọ́kọ́ níí da iná rú. Kò jẹ́ kí àwọn igi yòókù sùn ti ara wọn, ààrò kò ní lè gbà á. Ẹ lè gbọ́ kí ẹnì kan pe odò ní wọ́rọ́kọ́. Létí tèmi, kò bá a mu, nítorí líle wà nínú ọ̀rọ̀ náà, omi kò sì le.

Wọ́gọwọ̀gọ jọ kọ́lọkọ̀lọ ní ohùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú bí nǹkan ṣe ń yí. Ohun tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ ń yí pẹ̀lẹ́, ibi tó ti yà sọ́tùn-ún ló ń gbà bọ́ sósì. Ohun tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ ń ṣẹ́ lójijì, kò dán. Ọ̀mùtí ń rìn wọ́gọwọ̀gọ. Ọlọ́kadà tó ń sá fún kòtò ń lọ wọ́gọwọ̀gọ. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di pẹ́ńsù mú ń kọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ. Bí ẹ bá pe odò tó ń rọra yí ní wọ́gọwọ̀gọ, ẹ ti sọ odò di ọ̀mùtí.

Ohun tó ń mú odò yí

Ẹni tó bá mọ bí ìrísí kan ṣe dáyé kì í ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a tún padà sí odò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àpáta tàbí òkè ló ń dí odò lọ́nà tó fi ń yà. Ní ilẹ̀ olókè, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n apá gúúsù ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tẹ́jú, ó sì ń rọra lọ sílẹ̀ síhà ọ̀sà àti òkun. Kò sí òkè tó ń lé odò kiri níbẹ̀. Odò fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Bí omi bá dé kọ́nà, bó ti wù kí kọ́nà náà kéré tó, omi tó wà níhà ìta máa ń sáré ju èyí tó wà níhà inú. Omi tó ń sáré ń jẹ bèbè. Omi tó ń rọra ń da iyanrìn tó gbé bọ̀ sílẹ̀. Bèbè ìta á máa já wọ inú omi, bèbè inú á máa kún, kọ́nà náà á sì máa fẹ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìdí nìyí tí atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń gba ìhà ìta níbi tí odò bá ti yí, nítorí ibẹ̀ ni omi ti jìn. Ìhà inú ni ọkọ̀ ti ń jókòó sórí iyanrìn.

Nígbà mìíràn, kọ́nà méjì á súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù láàárín wọn. Bí odò bá kún, omi á já ilẹ̀ náà, á sì gba ibẹ̀ tààrà. Kọ́nà àtijọ́ tí odò kò gbà mọ́ á wá di adágún. Níbi tí a bá dé yìí ni ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ ti hàn kedere jù. Odò tó ní kọ́nà tó tẹ̀ léra wọn ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Adágún tó fi sílẹ̀ ní kọ́nà kan péré, nítorí náà ó wọ́ ni, kò ṣe kọ́lọkọ̀lọ.

Ipò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a gbé kọ́lọkọ̀lọ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ: "Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan ló já sí abúlé náà." Ẹ ṣàkíyèsí pé "kan" tẹ̀lé kọ́lọkọ̀lọ, kò wọ àárín. Bí a bá fẹ́ fi í parí gbólóhùn, a nílò ọ̀rọ̀ ìṣe tí yóò gbé e, nítorí kọ́lọkọ̀lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. A kì í sọ pé "ọ̀nà náà kọ́lọkọ̀lọ". Rí àti ṣe ló ń gbé e: "Ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ", "Ọ̀nà náà ṣe kọ́lọkọ̀lọ". Àwọn kan ń fi "jẹ́" síbẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó ń dún lórí wọn. Ẹnu àgbà kì í gbà á dáadáa; rí àti ṣe ló bá ìrísí mu.

Wọ́, lọ́ àti ká yàtọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n, wọ́n lè dá dúró: ọ̀pá náà wọ́, okùn náà lọ́, ejò náà ká. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbé wọn sẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni a ń sọ wọ́n di wíwọ́, lílọ́, kíká: ọ̀pá wíwọ́, okùn lílọ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ kékeré yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àṣìṣe tó wà níbẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe ìrìn ni kọ́lọkọ̀lọ ti ń dùn jù létí: ṣàn, lọ, gbà, fà. "Èéfín ń lọ sókè kọ́lọkọ̀lọ." "Ìlà aró náà fà kọ́lọkọ̀lọ láti etí aṣọ kan dé èkejì." Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, a ó gbé e síwájú: "Kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n la ọ̀nà náà." Ohun tí kò yẹ ni kí a tún fi "gan-an" tàbí "púpọ̀" ràn án lọ́wọ́. Àpọ̀jù ti wà nínú ìró ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú

Àwọn kan ń sá fún un nítorí wọ́n rò pé èébú ni. Òótọ́ ni pé bí a bá gbé e kúrò lórí ilẹ̀ sórí ìwà, kì í ṣe ìyìn: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́lọkọ̀lọ kò fẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ tó lọ́jú pọ̀ sì ṣòro láti tú. Ṣùgbọ́n lórí ohun tí ojú ń rí, ó lè jẹ́ ẹwà. Onídìrí lè la irun orí kọ́lọkọ̀lọ kó tó dì í, owó rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti ìlà títọ́ lọ nítorí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ìlà kọ́lọkọ̀lọ sì wà lára ohun tó ń mú ojú aṣọ náà fani mọ́ra.

Ohun kan tún wà tó kan àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ní pàtàkì. Ẹ̀ka èdè wọn wà lára ti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Abíọ́dún Adétúgbọ̀ ṣe pín àwọn ẹ̀ka èdè wa nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti 1967. Ẹ̀ka èdè náà ní ìró kan, gh, tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì oníléta 25 tí à ń kọ́ nílé ìwé. Ibi tí ìwé bá ti kọ ọwọ́, ọghọ́ ni wọ́n ń pè nílé. Ọmọ tí olùkọ́ ti ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe láti kékeré lè rò pé ohunkóhun tó bá ti ilé wá, àṣìṣe ni. Nígbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó dára fún àròkọ, kò ní wo ilé mọ́, inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wò. Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ kì í ṣe Yorùbá tó bàjẹ́, ó pa ìró àtijọ́ mọ́ tí ibòmíràn ti sọ nù. Olùkọ́ tó bá ní kí àwọn ọmọ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé wọn ohun tí wọ́n ń pe ọ̀nà tó ń yí kiri, tó sì gba ìdáhùn náà sínú ìwé, ti ṣe ohun tó pọ̀ fún èdè náà.

Ẹ jẹ́ kí a tún gbólóhùn kan ṣe báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé: "Ọ̀nà oko bàbá mi dà bí ejò, ó sì jẹ́ kọ́lọkọ̀lọ gan-an." Ẹ yọ ejò kúrò, nítorí oko ni à ń lọ, kò sí ìfura níbẹ̀. Ẹ fi ṣe rọ́pò jẹ́. Ẹ yọ "gan-an". Ohun tó kù ni: "Ọ̀nà oko bàbá mi ṣe kọ́lọkọ̀lọ." Ó ti tọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró sójú kan. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ ìṣe ìrìn, kí ẹ sì sọ ohun tí ọ̀nà náà ń gbà kọjá: "Láti ẹ̀yìn ilé wa, ọ̀nà oko bàbá mi ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn ọ̀pẹ títí ó fi já sí etí odò." Ibi mẹ́ta ló ti wọ inú gbólóhùn náà báyìí, kọ́lọkọ̀lọ ẹyọ kan ló sì so wọ́n pọ̀. Bí gbólóhùn tó tẹ̀lé e bá tún kan ọ̀nà yẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ibi tó ti yà àti ohun tó wà níbẹ̀, kó má tún pe kọ́lọkọ̀lọ lẹ́ẹ̀kejì.